Igi Tiwọn, Ibòji Tèmi

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ó ṣeé ṣe kí baba náà bí àwọn kan, kò bí èmi. Bí mo bá rántí ọ̀dán tó wà níwájú ilé wa ní Ìgándò, atẹ́gùn tútù rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn, ìbínú ni. Mo bínú gbìn ín, mo bínú bomi rin ín, mo sì bínú jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn igi lásán, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Bíríkìlà ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì ti wá, yàrá kan ní Mushin la sì ń gbé kí owó epo rọ̀bì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Èkó. Nígbà tó ya wọlé, gbogbo ẹni tó bá lè gbé ṣọ́bìrì ló ń ríṣẹ́, ọkọ mi sì lè ṣe ju kó gbé ṣọ́bìrì lọ. Kò pẹ́ tó fi ra ilẹ̀ kékeré kan ní Ìgándò. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í léèrè bóyá ọ̀bọ ló fẹ́ lọ bá gbé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ilẹ̀ tútù! Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wá katapílà. Igi máńgòrò wà lórí ilẹ̀ yẹn, igi iyeyè ńlá kan wà tí ẹyẹ kún orí rẹ̀, katapílà hú gbogbo wọn, ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Mo ní kí ló dé. Ó ní igi ló ń pe ejò. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní obìnrin ò mọ ilé kíkọ́. Ilé tí ọ̀gbẹ́ni tó mọ ilé kíkọ́ wá kọ́ fún wa, páànù ni òrùlé rẹ̀, kò sí síìlì lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ sí ìwọ̀ oòrùn gan-an. Tó bá di ọ̀sán, páànù á máa ta pá-pá-pá lórí wa bí àgbàdo inú agbada. Ìwọ̀nba ìgbà tí mo bá fi ran apá kan aṣọ lórí maṣíìnì mi, òógùn á ti rin aṣọ oníbàárà. Aránṣọ ni mí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń ra ọṣẹ àti iyọ̀, mi ò sì lè gbé aṣọ tó ń rùn fún ẹni tó ni í.

Mo fara dà á. Ẹ̀ẹ̀rùn kan wá dé tí mi ò lè fara dà á mọ́. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án, mo ń ránṣọ létí rẹ̀. Nígbà tí mo máa wò, ojú rẹ̀ ti yí sókè, ó di ọwọ́ rẹ̀ pinpin, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì gbóná bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́ nínú iná. Gìrì ni. Àwọn obìnrin àdúgbò rọ́ wá. Ọ̀kan da àgbo sí i lẹ́nu, òmíràn ní ká na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn, mo pọ̀n ọ́n, mo sì sáré gba ọ̀nà Ìkòtún lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ọmọ náà yè. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ bi mí nípa yàrá wa, mo sì ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Ibà ló mú un, ṣùgbọ́n yàrá yẹn ń dá kún un. Ó ṣeé ṣe kí gìrì tún gbé e títí ó fi máa tó ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ẹ má jẹ́ kó máa sùn lábẹ́ páànù yẹn lọ́sàn-án mọ́, jàre. Ẹ wá ibi tó tutù fún un."

Níbo ló tutù ní Ìgándò? Katapílà ti hú ibi tó tutù. Mo délé, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún ọkọ mi. Ó ronú, ó mi orí, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ kejì. Fáànù ló rà bọ̀. Fáànù gíga tó ń dá dúró, tó ń yí orí káàkiri. Ó gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀, inú rẹ̀ dùn. Iná mànàmáná kò tíì dé Ìgándò. Kò sí òpó iná kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ìdímù.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá ọmọ yìí, kí la máa ki okùn rẹ̀ bọ̀? Ihò etí mi?"

Ó ní, "Iná ń bọ̀. Ìjọba ti lówó."

Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìjọba ti lówó. Fáànù náà wà nínú ọ̀rá rẹ̀ ní pálọ̀ wa, àwọn àlejò ń yẹ̀ ẹ́ wò, gìrì sì tún gbé ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ̀ẹ̀rùn náà tó parí. Ọjọ́ yẹn ni mo di ẹrù mi, mo pọn ọmọ mi, mo sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀dán ńlá kan wà níwájú agbo ilé wa níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó bá ìgbà tí wọ́n gbìn ín. Ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọyẹ́, tí gbogbo igi yòókù bá dúró níhòòhò, dúdú ni tirẹ̀ á máa dán. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ agbo ilé ti kọ́ ìrìn. Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún ìyá mi, ó sì mú mi lọ sí ìdí igi náà. Ó ní ọ̀dán kò ní wàhálà, kì í béèrè èso, ẹ̀ka rẹ̀ la máa ń gbìn. A gé ẹ̀ka kan tó tó apá géńdé, a já ewé rẹ̀ dànù, oje funfun rẹ̀ sì ba ìró mi jẹ́ títí ayé. Ìyá mi ní ká fi í sílẹ̀ níbòji títí oje náà á fi gbẹ lójú ọgbẹ́ rẹ̀, kí n gbìn ín bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí n fi amọ̀ lé e lórí kí oòrùn má baà mu ún gbẹ, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mì ín. Ó ní bó bá dé ọwọ́ ẹni tó ní sùúrù, ẹ̀ẹ̀rùn kẹta ò ní bá a láìní ibòji. Ó wojú mi dáadáa, torí ó mọ ọmọ tó bí.

Òkè bọ́ọ̀sì ni mo so ó mọ́ bọ̀ wá sí Èkó. Gbogbo àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ gbé ọmọ odó, ẹ ò gbé odó. Àbí iyán Èkó ò nílò odó ni?" Mo ní kí wọ́n gbọ́ tara wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè yé èèyàn. Ibi tí ilé wa dúró sí nìkan la rà. Ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà wa àti títì, ìdílé onílẹ̀ ò tà á. Wọ́n ní ká máa lò ó ná. Oòrùn ọ̀sán sì rèé, iwájú yẹn gan-an ló ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ilé ò wúlò, ṣáláńgá àti ògiri aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, iwájú ni mo gbẹ́lẹ̀ sí. Mo ri ọ̀dán mi mọ́lẹ̀, mo tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa, mo fi amọ̀ dé e lórí.

Kí n tó fọ ọwọ́ tán, ìyá onílẹ̀ ti dé. Òun ló dàgbà jù nínú ìdílé tó ta ilẹ̀ fún wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi ọ̀pá rìn káàkiri àdúgbò bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Ó wo igi mi. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ tì, ó di igi náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fà á tu.

Mo pariwo. Mo ní, "Màmá! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ó ní, "Ìwọ ará òkè yìí, kí nìwọ ń ṣe? Àgbàdo la ní o lè gbìn síbí. Ẹ̀fọ́ la ní o lè gbìn. Ohun tí o máa jẹ tán kí ọdún tó yí po. Ta ló ní kí o gbin igi sórí ilẹ̀ wa?"

Mo ní fún ibòji ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń sọ. Ó ní tí àlejò bá ti gbin igi tó máa pẹ́, lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ rẹ̀ á dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní, "Baba wa ló gbin èyí, ilẹ̀ wa nìyí." Ó ní òun ti rí i rí. Òótọ́ ni pé àṣà wọn nìyẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá a ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun mi ni pé ilé sìmẹ́ńtì dúró gbagidi lẹ́yìn mi níbẹ̀, ilé tó máa pẹ́ ju gbogbo wa lọ, ilé yẹn ò bà wọ́n lẹ́rù. Igi tí mo gbé wá lórí bọ́ọ̀sì ló bà wọ́n lẹ́rù. Mo gbé e, mo tún rì í mọ́lẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó tún fà á tu. Bí kì í bá ṣe pé ọkọ mi dé lásìkò yẹn, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó lè tún ìlú ṣe, èyí tó sọ sí mi létí, kì í ṣe sí ìyá náà. Ó sọ̀rọ̀ gìrì tó ń gbé ọmọ. Ìyá onílẹ̀ ní kí n gbé ọmọ náà wá kí òun wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní ọ̀nà kan ló wà. Tí igi bá máa wà lórí ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ onílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbìn ín. Ó gba ọ̀dán náà lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ inú ihò tí mo gbẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lé e, ó sì ké sí àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n wá wò ó.

Ó ní, "Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ẹni tó nilẹ̀ ló nigi. Igi wa ni. Ibòji rẹ̀ ni mo yá ọ, nítorí ọmọ yìí."

Oje igi yẹn ṣì wà lára ìró mi. Mo gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo sì dúró níbẹ̀, mo ń wo obìnrin tó fà á tu lẹ́ẹ̀mejì tó ń pè é ní tirẹ̀. Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ọ̀rọ̀ yẹn korò lẹ́nu mi ju ewúro lọ.

Ọ̀dán náà hù. Kì í ṣe pé ó hù nìkan, ó hù bí ẹni tí inú ń bí. Àmọ́ ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé ọ̀dán ju oúnjẹ lọ, ewúrẹ́ ta ló sì kọ́kọ́ wá? Ti ìyá onílẹ̀ ni. Mo fi oparun ṣọgbà yí i ká, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ọgbà, wọ́n na ọrùn. Mo lọ fẹjọ́ sùn, ó ní ewúrẹ́ òun ń jẹ igi òun, kí ló kàn mí. Mo padà wálé, mo fi ẹ̀gún kún ọgbà náà, mo sì ń sọ òkò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí a fi wẹ ọmọ ni mo fi ń bomi rin ín, torí kànga jìn. Mo ń gé àwọn ẹ̀ka tó bá yọ nísàlẹ̀ kí ó lè ga kó tó fẹ̀. Ọkọ mi á máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà, á ní, "Igi lásán ni o ń bá jà báyìí." Mo kàn máa ń wo fáànù rẹ̀.

Kí igi náà tó tó nǹkan, mo máa ń ta ìró mi láti ara rẹ̀ sí ara ọgbà, ọmọ mi á sì sùn sábẹ́ ìró. Gìrì tún gbé e ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò le tó ti àtijọ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, bí ìyá mi ṣe sọ gan-an, mi ò nílò ìró mọ́. Mo gbé maṣíìnì mi jáde. Mo tẹ́ ẹní sí ìdí igi, ọmọ mi àti àbúrò rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sùn lórí rẹ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, ara wọn tutù. Gìrì ò gbé ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ á jókòó, wọn ò ní fẹ́ lọ mọ́. Inú mi dùn, mo jẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ di wúrà. Owó epo ti dé ọ̀dọ̀ wa wàyí. Lọ́rì yanrìn ń kọjá láti àárọ̀, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé, gbogbo ẹni tó sì ń kọ́lé ló ń wá búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin àgbà ìyá onílẹ̀ dé síwájú ilé wa pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn, tépù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń wọn ilẹ̀ kọjá níwájú mi, wọ́n gbé tépù kọjá lórí ẹní tí ọmọ mi sùn lé. Mo bi wọ́n pé kí ni. Ọmọ onílẹ̀ ní ọkùnrin náà fẹ́ máa mọ búlọ́ọ̀kù tà níbẹ̀.

Mo ní, "Igi yìí ńkọ́?"

Ó ní, "Igi wo? Ṣebí igi wa ni. Lọ́jọ́ Ajé la máa gé e."

Mo bú u. Mo bú òun àti oníkóòtù. Mo sọ ohun tí mi ò lè kọ sínú ìwé. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi ò sì dákẹ́ rí. Ariwo mi ló pe ìyá onílẹ̀ jáde. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì dúró dè é. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló ń wọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé. Ó bi í pé ta ló gbin igi yẹn. Ọmọ rẹ̀ ní ìyá òun ni.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ló gbìn ín, níṣojú gbogbo ayé. Mo wà láàyè, ẹ fẹ́ ta igi mi lé mi lórí? Ẹ kó tépù yín kúrò níbẹ̀."

Wọ́n kó o kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ onílẹ̀ ṣe ń lọ, ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ìyá aránṣọ, ìyá wa ò lè gbé ayé láéláé. A ó máa wò ó ṣá."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọ́jú obìnrin tí mi ò fẹ́ràn nìyẹn. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ẹ̀mí igi, ẹ̀mí igi sì ni oorun ọ̀sán àwọn ọmọ mi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láàárọ̀, màá gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà lọ bá a. Lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ á fi ọ̀pá rẹ̀ wá síbi igi, á sì dúró dìgbà tí mo bá gbé oúnjẹ wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, mo ń fi òrí pa á fún un. Mo rán bùbá fún un, ó ní ọrùn rẹ̀ fún. Mo tún un ṣe, ó ní ó ti wá fẹ̀ jù. Bó bá wúkọ́, màá wo òkè, màá wo ewé.

Kò sì pẹ́ tó fi mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Á wo abọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹja yìí mà kéré o. Ṣé o ti ṣe tán tí o fẹ́ kí wọ́n wá gé igi ni?" Màá wọlé, màá fi ẹja kún un, èéfín á máa jáde ní imú mi. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá ọkọ méjì rí.

Àwọn ọmọ mi ò rí nǹkan kan nínú gbogbo ìyẹn. Ara ìyá onílẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ̀yìn tì. Tí àbúrò bá jí, tó ń sunkún, á gbé e sí itan, á máa kọrin kan fún un ní èdè Àwórì tí mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dá orin náà dúró, á sì ní kí n kọjú sí maṣíìnì mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ooru mú gan-an, ìyá onílẹ̀ ti kọ ẹran inú ọbẹ̀ mi, ó ní ó le. Gbogbo rẹ̀ sú mi. Mo ní, "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn mi."

Ó ní, "Ta ló ní mo fẹ́ràn rẹ? Igi mi ni mo ń wá ṣọ́."

Mo ní, "Ẹ máa ṣọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n tí Ọlọ́run bá pè yín, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa gé e. Ọmọ yín ti sọ fún mi."

Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi. Ó ń wo ọ̀dọ̀ títì tí lọ́rì ń gbà kọjá. Ó wá ní kí n gbé ẹran náà padà wá, òun á gbìyànjú rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀sán ni, ilé ara rẹ̀ ló wà. Mo gbọ́ igbe láti ọ̀dọ̀ wọn. Mo bínú sí i. Ìdùnnú kọ́, ẹkún kọ́, ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Mo ní, obìnrin yìí, ẹ ò lè ní sùúrù kí òjò rọ̀? Oúnjẹ gbogbo tí mo gbé wá, ibo lẹ kó o sí? Mo wo àwọn ọmọ mi tí wọ́n sùn lórí ẹní. Mo mọ̀ pé ọ̀la ò ní bá igi yẹn níbẹ̀.

Ọ̀la pàápàá jìnnà. Oòrùn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Ọmọkùnrin àgbà náà ló ṣáájú, ojú rẹ̀ pọ́n, àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, èrò sì tẹ̀ lé wọn. Mi ò ronú. Mo jí àwọn ọmọ, mo tì wọ́n wọlé, mo sì sáré lọ fọwọ́ méjèèjì gbá ìdí igi mọ́ra.

Mo ní, "Ẹ ò ní gé e! Ẹ ò tíì sin ìyá yín, àáké lẹ gbé? Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun! Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gé!"

Àlùfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò ló jáde láàárín èrò. Ó wá síwájú mi, ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Wọn ò wá gé igi. Màmá pè mí, ó pe àwọn àgbà ìdílé, ó ní bí òun bá kú, abẹ́ igi òun ni kí wọ́n sin òun sí. Sàárè ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Kúrò níbẹ̀, kí wọ́n ráyè."

Ọwọ́ mi ṣì wà lára igi. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí mi, kò wọ orí mi. Gbogbo ẹni tó ń gbé ní Ìgándò ló mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ilẹ̀ tí ìyá ẹni bá sùn sí, a kì í tà á. Igi tó bo sàárè ìyá ẹni, a kì í gbé àáké sí i. Kò sí oníkóòtù tó máa mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ mọ́ láéláé. Kò sì sí bí ilẹ̀ yẹn ṣe lè di tiwa náà láéláé. Ó ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa.

Wọ́n gbẹ́ ẹ síbi tí ilẹ̀ ti tutù jù, ibi tí mo máa ń tẹ́ ẹní sí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀, gbòǹgbò kan dábùú rẹ̀. Ọmọkùnrin àgbà gbé àáké sókè. Mo tún pariwo, mo ní kó rọra. Àlùfáà ní kí wọ́n sún sàárè sẹ́yìn díẹ̀, kí gbòǹgbò náà lè kọjá. Ọmọkùnrin náà sọ àáké sílẹ̀, ó yíjú sí mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìbínú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan.

Ó ní, "Ẹ ti rí i ṣe. Ẹ fi ẹja gba ìyá wa."

Wọ́n gbé ìyá náà dé nínú aṣọ funfun, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì bò ó kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ooru mú bí ti àná. Èrò ti lọ. Ọmọ mi obìnrin gbé ẹní rẹ̀ jáde, ó dúró, kò mọ ibi tó máa tẹ́ ẹ sí. Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tuntun yẹn, ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn lọ. Mo gbé maṣíìnì mi jáde, mi ò lè ránṣọ. Mo dìde dúró létí sàárè obìnrin náà nínú ọ̀sán gangan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Mo sọ ti ewúrẹ́ rẹ̀. Mo sọ ti bùbá tí mo tún ṣe títí ìka mi fi dégbò. Mo sọ ti igi tó fà tu lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn mi lọ sókè débi pé ọkọ mi jáde, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún mi. Ẹ mọ̀, ẹ ti pe àlùfáà, ẹ ti ṣètò gbogbo rẹ̀, ẹ sì jókòó níbí, ẹ ń jẹ oúnjẹ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbínú bọ́ yín títí ẹ fi lọ. Ẹ ò sọ fún mi."